Bí Ọdẹ́rónkẹ́ Ṣe Wo Ẹ̀rọ Tó Ń Dákú Sàn ní Ìlú Àìrí

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ̀yin ọmọ ọdẹ, ẹ gbé agbọ̀n ẹ̀pà yín dání. Kí ọwọ́ máa pa ẹ̀pà, kí etí máa gba ọ̀rọ̀. Àwọn méjèèjì kì í bá ara wọn jà. Èmi Ọdẹ́jídé tí ẹ ń wò yìí, ẹfọ̀n mọ́kànlá ni mo pa nígbà èwe mi. Ìkejìlá kófìrí mi lókèèrè, ó fúnra rẹ̀ dùbúlẹ̀, ó ní kí n má wulẹ̀ fi ẹ̀tù ṣòfò. Ìwọ tí ò ń fi ẹ̀pà bo ẹ̀rín mọ́lẹ̀ níbẹ̀ yẹn, kọ́kọ́ pa ọ̀kẹ́rẹ́ kan ná kí o tó fi mí rẹ́rìn-ín.

Ṣùgbọ́n ìtàn tòní kì í ṣe tèmi. Ti Ọdẹ́rónkẹ́ ni, ọmọ tí Ọdẹ́tọ́lá ẹ̀gbọ́n mi bí. Èmi ni mo kọ́ ọmọ náà bí a ṣe ń tọpa ẹran. Kó tó pé ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, ó ti lè tọpa ẹtu lórí àpáta gbígbẹ. Nígbà tí bàbá rẹ̀ kú, Ọdẹ́níyì àbúrò rẹ̀ ló gba ìbọn. Ọdẹ́rónkẹ́ ní tirẹ̀ mú sukudiráfà, ó ṣí ṣọ́ọ̀bù, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tún kọ̀ǹpútà ṣe. Ó dùn mí. Mo pè é, mo ní, "Ọmọ ọdẹ, kí ló dé tí o pa iṣẹ́ ilé yín tì?" Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ má bínú, bàbá mi. Iṣẹ́ kan náà ni. Ohun tí kò fẹ́ kí n rí òun ni mo ṣì ń tọpa rẹ̀."

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, Àsàbí ìyá wọn ń yan gààrí. Ó ti tó oṣù kan tí Ọdẹ́níyì ti wọ igbó tí kò bọ̀. Bí ó ti ń ro gààrí lọ tó ń rò ó bọ̀, ó gbọ́ ohùn kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò.

"Màámi, ẹ kú iṣẹ́ o."

Àsàbí wo ọ̀tún, ó wo òsì, kò rí ẹnìkan. Igbá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. "Ọdẹ́níyì! Níbo lo wà?"

"Iwájú yín ni mo wà, mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má da gààrí gbígbóná sí mi lójú."

Ariwo tí Àsàbí ké ni ó mú Ọdẹ́rónkẹ́ sáré jáde láti inú ṣọ́ọ̀bù. Ó na ọwọ́ sí ibi tí ohùn náà ti ń wá, ọwọ́ rẹ̀ sì kan ojú àbúrò rẹ̀. Ojú náà tutù fún omijé. Kò rí i, ṣùgbọ́n ó mọ ojú náà dáadáa; òun ló pọ̀n ọ́n dàgbà.

Ọdẹ́níyì wá ro ẹjọ́ ara rẹ̀. Ó ní ìgalà kan ni òun lé fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko, títí tí òun fi já sí Ìlú Àìrí, ìlú àwọn iwin tí ara wọn kò hàn sí ojú. Wọ́n fi iṣu sísun ṣe òun lálejò, òun sì jẹ ẹ́. Bí òun ti gbé e mì ni ara òun náà pòórá. Wọ́n ní kí òun má dààmú. Wọ́n ní ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà kan wà láàfin wọn, àràárọ̀ ni ó máa ń ya àwòrán gbogbo ará ìlú sára ògiri funfun kan, bí àwòrán ẹni bá sì ti hàn lára ògiri, ara onítọ̀hún náà á hàn. Ènìyàn ayé tí ó bá sì rí ojú ara rẹ̀ gan-an lára ògiri náà, ó bọ́ nìyẹn, kò nílò ẹ̀rọ mọ́. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí òun dé gan-an ni wọ́n fi káàdì àwòrán tuntun, ẹ̀yà ara tí ẹ̀rọ fi ń yàwòrán, sínú ẹ̀rọ náà, láti ìgbà náà ni ẹ̀rọ ti ń dákú.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ni ó wí, "ènìyàn ayé tí wọn kò bá ya ojú rẹ̀ gan-an kí oòrùn ọjọ́ keje tó kan àtàrí, títí ayé ni kò ní í hàn mọ́. Òní ni ó pé ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé sukudiráfà yín."

Ọdẹ́rónkẹ́ gbé àpò iṣẹ́ rẹ̀ kọ́ èjìká, ó di ọwọ́ àbúrò rẹ̀ tí kò rí mú, wọ́n kọrí sí igbó. Àsàbí sáré wá bá mi pé kí n tẹ̀ lé wọn. Ǹ bá lọ! Orúnkún mi ni kò gbà. Àwọn iwin ló bẹ orúnkún náà lábẹ́lẹ̀ kó má jẹ́ kí n wá. Wọ́n mọ ohun tí ojú wọn rí nígbà tí mo lọ kẹ́yìn.

Ní ẹnu ibodè igbó náà, wọ́n bá iwin kan tó fi ìdí dí ojú ọ̀nà. Ẹnu kan wà níwájú orí rẹ̀, ẹnu mìíràn wà ní ìpàkọ́. Ògìdìgbó òkìtì ọ̀gán ló yí i ká, òkìtì kọ̀ọ̀kan ní ojú àti imú bí èèyàn. Àwọn arìnrìn-àjò tó ti wá síwájú ni wọ́n, tí iwin náà sọ di òkìtì.

Ẹnu iwájú ní, "Ọmọ kan ń sunkún nínú ilé tí a tì pa. Kí ló ń ṣe é?"

Ẹnu ẹ̀yìn gba ọ̀rọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu: "Inú rírun ni! Ibà ni! Eegun ẹja ló há a lọ́fun! Ayé ló ń dà á láàmú!"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ dáhùn kíákíá," ni Ọdẹ́níyì ń sọ sí i létí. "Ẹ mú ọ̀kan níbẹ̀!"

Ìdáhùn bíi mẹ́ta ti wà lórí ahọ́n Ọdẹ́rónkẹ́. Ó wo àwọn òkìtì ọ̀gán náà, ó rí i pé ẹnu gbogbo wọn ló là sílẹ̀ bí ẹnu ẹni tó ń dáhùn ìbéèrè lọ́wọ́. Ó bá gbé gbogbo rẹ̀ mì.

Ó ní, "Ẹ kú ìjókòó o, bàbá. Ìgbà wo ni ọmọ náà ti bẹ̀rẹ̀ ẹkún? Kí ni ẹ fún un kó tó bẹ̀rẹ̀? Ṣé kì í dákẹ́ rárá ni, àbí ó ní ìgbà tó ń dákẹ́?"

Ẹnu iwájú rẹ́rìn-ín títí itọ́ fi ń dà lẹ́nu rẹ̀. "Igba ọdún rèé tí mo ti ń bèèrè," ni ó wí, "ìdáhùn ni gbogbo wọn ń gbé wá. Ìwọ nìkan lo ronú kan ọmọ náà." Ó ká ẹsẹ̀ kò, wọ́n kọjá. Ẹ̀yin ọmọ mi, abèèrè kì í ṣìnà. Èmi náà ti kọjá lọ́wọ́ iwin yìí rí, ṣùgbọ́n eré ni mo sá ní tèmi.

Nígbà tí wọ́n dé Ìlú Àìrí, ẹ̀rín ni ó kọ́kọ́ pa Ọdẹ́rónkẹ́. Fìlà ń dá rìn lójú títì. Ìkòkò ọbẹ̀ ń léfòó kọjá. Gbàgà, gbàgà, ni àwọn èèyàn ń forí gbárí: "Pẹ̀lẹ́ o!" "Ta lo gbá bẹ́ẹ̀ yẹn?" Obìnrin kan ń sọ̀kò ọ̀rọ̀ sí afẹ́fẹ́, ohùn ọkùnrin kan sì ń bẹ̀ ẹ́ pé, "Ìyá, ẹ dákun, èmi kọ́ ni ọkọ yín. Ẹ̀gbẹ́ kejì ni mò ń gbé."

Láàfin, adé kan ṣoṣo ló hàn lórí ìtẹ́. Aláìrí ọba ìlú ni ó dé e. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ, jígí ojú méjì ń léfòó, ó ń jù síhìn-ín jù sọ́hùn-ún. Ẹni tó wọ jígí náà ni olùtọ́jú ẹ̀rọ, Mo-ti-mọ̀ ni orúkọ rẹ̀.

Ọdẹ́rónkẹ́ dọ̀bálẹ̀ gbalaja bí ọdẹ, nítorí kò mọ bóyá obìnrin ń kúnlẹ̀ níbẹ̀. Ó ní, "Kábíyèsí, kí ẹ pẹ́ fún wa. Mo fẹ́ mọ bí àìsàn náà ṣe bẹ̀rẹ̀."

"Mo ti mọ̀," ni Mo-ti-mọ̀ wí. "Àrùn ló kó wọ inú rẹ̀ láti ìta."

"Ṣé gbogbo ìgbà ni ó ń dákú ni, sà, àbí..."

"Mo ti mọ̀. Káàdì náà ni kò dára."

Adé orí ìtẹ́ mì tìtì. "Mo-ti-mọ̀, gbé ẹnu dákẹ́ kí àlejò sọ̀rọ̀!" Ọba wá ṣàlàyé. Káàdì àtijọ́ kò mọ̀ ju ojú kan ṣoṣo yà lọ, ojú bàbá ọba tó ti wàjà. Ojú náà ni tọmọdé tàgbà ń gbé kiri. Ọkọ kò mọ aya, olè kò yàtọ̀ sí olóhun. Àna ọba ló fi káàdì tuntun ta wọ́n lọ́rẹ, èyí tó lè ya ojú oníkálukú bó ṣe rí. Mo-ti-mọ̀ ló fi sínú ẹ̀rọ. Bí wọ́n bá tan ẹ̀rọ náà, á jí dáadáa, á kí ọba. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti ní kó máa yàwòrán, ògiri á ṣú dùdù, ẹ̀rọ á dákú.

Àwọn ará ìlú ti kún ìta gbangba, ìmọ̀ràn sì ń fò láti gbogbo ẹ̀gbẹ́. Ẹnìkan ní kí wọ́n gbá a létí. Ẹnìkan ní kí wọ́n fi ata sí i nímú. Ọdẹ́rónkẹ́ ní, "Gbogbo alángbá ló dakùn délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Ẹyọ kan, ẹyọ kan ni n ó máa yí padà. Bí mo bá yí nǹkan mẹ́ta padà pọ̀, tí ara rẹ̀ sì yá, oògùn wo ni a ó sọ pé ó jẹ́?"

Ó tú ikùn ẹ̀rọ náà, ó yọ káàdì tuntun, ó dá ti àtijọ́ padà. Ẹ̀rọ náà yàwòrán tán pátápátá, kò dákú. Gbogbo ìlú hàn, àti Ọdẹ́níyì náà, pẹ̀lú ojú arúgbó ọba tó ti wàjà, irùngbọ̀n funfun dé àyà. Ọdẹ́rónkẹ́ rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má rẹ́rìn-ín mọ́," ni Ọdẹ́níyì ń bẹ̀ ẹ́. "Ṣé irùngbọ̀n yìí ni n ó gbé lọ bá àfẹ́sọ́nà mi?"

Ó kéré tán, wọ́n ti mọ nǹkan kan: ara ẹ̀rọ le, ìgbà tí káàdì tuntun bá wọlé ni àìsàn ń dé. Ó dá káàdì tuntun padà, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ títí ó fi dún kẹ́. Ẹ̀rọ tún dákú, gbogbo ìlú sì tún pòórá. Ó ṣe ọgbọ́n, ó wọ inú àkọsílẹ̀ àṣẹ tí ẹ̀rọ náà ń tẹ̀ lé lọ, ó sì bá ohun kan níbẹ̀. Káàdì kọ̀ọ̀kan ló ní ògbufọ̀ tó ń bá a tú èdè rẹ̀ fún ẹ̀rọ. Ògbufọ̀ káàdì àtijọ́ kò tíì kó jáde! Ó jókòó tì í, ó ń já lu ọ̀rọ̀ ògbufọ̀ tuntun. Ọdẹ́rónkẹ́ lé e jáde tẹrùtẹrù, ó sì gba ògbufọ̀ tuntun wọlé lọ́tun.

Ó tan ẹ̀rọ. Àwòrán bẹ̀rẹ̀ sí í jáde, ojú oníkálukú, àwọ̀ lóríṣiríṣi! Ọdẹ́rónkẹ́ fò sókè. "Ó ti parí! Èmi ọmọ Ọdẹ́tọ́lá! Ẹ pè mí kí ẹ tún mi pè!"

Gbàà! Ògiri ṣú dùdù.

Ìdajì ìlú ló hàn. Àwọn kan hàn láti orí dé ìbàdí, àwọn kan jẹ́ ẹsẹ̀ lásán. Ọba hàn dé ọrùn. Ti Ọdẹ́níyì, ó kù díẹ̀ kó kàn án ni. Ojú ti Ọdẹ́rónkẹ́, ó tì í débi pé kò lè gbé orí sókè, Mo-ti-mọ̀ sì ń rẹ́rìn-ín kèékèé lẹ́yìn jígí rẹ̀. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ọjọ́ karùn-ún nìyí.

Ó jókòó ti ẹ̀rọ. Ó wá rántí ohun tí mo kọ́ ọ (ẹ ṣáà gbọ́, ohun tí èmi kọ́ ọ!) pé ẹran tó ń sáré ní pẹ̀tẹ́lẹ̀ tó sì ń ṣubú kìkì ìgbà tó bá ń gun òkè, ẹsẹ̀ kọ́ ló ń dùn ún, okun ni kò ní. Ẹ̀rọ yìí kì í dákú nígbà tó bá ń ṣeré. Ìgbà tí iṣẹ́ bá wọ̀ ọ́ lọ́rùn ni. Ó gbé ọwọ́ lé àpótí kékeré tó ń pín iná fún gbogbo ẹ̀yà ara ẹ̀rọ; ó gbóná bí ìkòkò orí iná.

"Níbo ni páálí tí káàdì yìí bá wá wà?" ni ó bèèrè.

Ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n ti rí i. Adìẹ olorì ti sọ ọ́ di ìtẹ́, ó sàba lé ẹyin méje. Ọdẹ́rónkẹ́ bẹ adìẹ, adìẹ sọ ọ́ lọ́wọ́ gbàgì, ó gbé e kúrò náà ni. Ó kà á lára páálí pé ẹnu méjì ni káàdì náà fi ń jẹ iná, ẹnu kọ̀ọ̀kan ló fẹ́ wáyà tirẹ̀, agbára àpótí iná kò sì gbọdọ̀ dín ní wáàtì àádọ́ta-lé-lẹ́gbẹ̀ta. Ó yí àpótí iná ààfin padà, ó wo ìdí rẹ̀: ọ̀ọ́dúnrún péré.

"Ẹ̀rọ yín kò ṣàìsàn, Kábíyèsí," ni ó wí. "Ebi ló ń pa á. Ebi kì í sì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́." Ó yíjú sí Mo-ti-mọ̀. "Sà, wáyà wo ni ẹ fi bọ́ ẹnu kejì?"

Jígí méjèèjì tẹrí ba. "Mo... mo pín wáyà kan sí méjì ni."

Ibì kan ṣoṣo ni àpótí iná ńlá wà, lórí òkè Ìyá Mànàmáná, ẹni tó bí gbogbo àrá tó ń sán. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹfà, Ọdẹ́rónkẹ́ àti ohùn àbúrò rẹ̀ gun òkè náà. Wọ́n bá ìyá arúgbó kan, irun orí rẹ̀ ń ṣẹ́ná pàrà-pàrà, ó ń fi mànàmáná ran aṣọ.

"Mo mọ ohun tí ẹ wá gbé," ni ó wí kí wọ́n tó kí i tán. "Ọmọbìnrin, irọ́ wo lo pa mọ́ àwọn ọmọ mi?"

Ọdẹ́rónkẹ́ sún sẹ́yìn. Ó gbà lọ́kàn pé kò sí ẹni tó mọ ọ̀rọ̀ yìí láyé, àní ìyá rẹ̀ pàápàá. "Mà?"

"Kò sí ẹ̀rọ tí ẹ̀yin ọmọ aráyé fi ọwọ́ ara yín pa tí ẹ kì í ní àrá ló pa á. Àwọn ọmọ mi ń gbọ́ o. Wọ́n ń wá sunkún sí mi lẹ́sẹ̀. Bí o kò bá jẹ́wọ́, padà."

Ó fẹ́ sẹ́. Ṣùgbọ́n ó gbọ́ mímí àbúrò rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mímí tí kò ní ara. Ó kúnlẹ̀. "Ọdún mẹ́rin sẹ́yìn ni, mà. Tíṣà Oyèwùsì gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ wá fún mi. Mo ń jẹun lọ́wọ́, n kò nu ọwọ́ mi gbẹ. Ọwọ́ tútù ni mo fi kan inú rẹ̀, ó kú sí mi lọ́wọ́. Mo sọ fún un pé àrá ló sán pa á. Ó tún dúpẹ́ lọ́wọ́ mi."

Lójú ọ̀run, àrá kékeré kan kùn bí ọmọ tí wọ́n rẹ̀ lẹ́kún. Ojú ìyá arúgbó náà rọ̀. "Lọ wí fún òun náà bí o bá délé." Ó gbé àpótí mẹ́ta síwájú rẹ̀. Èkínní ń dán bíi wúrà, iná àwọ̀ méje ń yí lára rẹ̀. Èkejì ní àwòrán kìnnìún. Ẹ̀kẹta dúdú, eruku bò ó.

"Ẹ̀gbọ́n mi, oníkìnnìún yẹn!" ni Ọdẹ́níyì pariwo.

Ọdẹ́rónkẹ́ kò fi ojú yàn. Ó gbé wọn wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èkínní fúyẹ́ bí agbè òfìfo. Èkejì kò sàn jù ú lọ. Ẹ̀kẹta fẹ́ẹ̀ já a lápá. "Eléyìí ni mo mú, mà. Ẹni tó jẹun yó kì í fúyẹ́."

Ìyá Mànàmáná pàtẹ́wọ́, òkè mì tìtì. Ọdẹ́níyì ló ru àpótí náà bọ̀. Ẹni tó bá pàdé wọn lọ́nà, obìnrin kan ló rí àti àpótí dúdú kan tó ń léfòó, tó sì ń kùn pé ọrùn ń dun òun.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ keje, ó pàrọ̀ àpótí iná. Ó fún ẹnu kọ̀ọ̀kan ní wáyà tirẹ̀. Oòrùn ti ń sún mọ́ àtàrí. Ó tan ẹ̀rọ, ó sì fi ọwọ́ bo ẹnu ara rẹ̀ kó má baà tún fọ́nnu. Fáànù ń ké fùù. Ọba hàn. Olorì hàn. Àwọn ìjòyè hàn, wọ́n ń wo ara wọn bí ẹni tó ń wo àlejò. Àwòrán ń lọ, ó kọjá ìdajì, ó kọjá ibi tó ti máa ń kú, àwọn èèyàn kò sì mí. Nígbẹ̀yìn gbẹ́yín, ẹsẹ̀ kan hàn tí ó ní àpá ní kókósẹ̀. Lẹ́yìn náà orúnkún, àyà, àti ojú Ọdẹ́níyì gan-an, tí ó ti rù díẹ̀, tí ó sì ti hu irun ètè tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò rí rí. Ọdẹ́rónkẹ́ dì mọ́ ọn.

Ọba dìde. "Ta ló ba ẹ̀rọ mi jẹ́ tí ìyà fi jẹ ìlú fún ọjọ́ méje?"

Gbogbo ojú yí sí Mo-ti-mọ̀, wọ́n sì rí i fún ìgbà àkọ́kọ́: ọ̀dọ́kùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, òógùn bò ó. Ọdẹ́rónkẹ́ ti la ẹnu láti gbè é, ṣùgbọ́n Mo-ti-mọ̀ ti dọ̀bálẹ̀.

"Èmi ni, Kábíyèsí," ni ó wí. "N kò mọ̀."

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i, ẹnikẹ́ni kò gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́nu rẹ̀ rí. Ọba bú sẹ́rìn-ín, adé ré bọ́ lórí rẹ̀. "Ẹni tó lè sọ èyí ṣì lè kọ́ iṣẹ́," ni ó wí. "Láti òní lọ, Mo-fẹ́-mọ̀ ni orúkọ rẹ." Ọjọ́ náà kò sì tíì ṣú tí Mo-fẹ́-mọ̀ fi bi Ọdẹ́rónkẹ́ ní ìbéèrè méjìlélógójì, tí Ọdẹ́níyì fi bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí àwọn máa lọ sílé.

Wọ́n délé. Àsàbí gbá ọmọ rẹ̀ létí lẹ́ẹ̀kan, ó sì gbá a mọ́ra títí oúnjẹ fi jóná. Ọdẹ́rónkẹ́ kò jókòó. Ó gba ilé Tíṣà Oyèwùsì lọ, ó kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó ro gbogbo rẹ̀ láìfi ọ̀kan pamọ́, ó sì ní òun yóò fi ẹ̀rọ mìíràn dí i.

Tíṣà yọ jígí ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún fi í sójú.

"Dìde, ọmọ mi," ni ó wí. "Mo ti mọ̀ láti ọjọ́ náà. Àárín ọ̀gbẹlẹ̀ ni. Òjò ò rọ̀ fún oṣù méjì gbáko."

Mo ti tú ẹrù mi sílẹ̀ níwájú yín, ẹ̀yin ènìyàn mi. Kí oníkálukú mú èyí tó bá wúlò fún un, kó gbé e lọ sílé rẹ̀ ní àlàáfíà.